Ìwé Ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀ta Náírà

Èmi ni mo ń ṣọ́ ilẹ̀kùn báńkì l'Ẹ̀pẹ́,
ilẹ̀kùn onígíláàsì tí í gbé ènìyàn mì lọ́kọ̀ọ̀kan,
tí í ké bí ó bá gbóòórùn irin lára ẹni.
Ó ké mọ́ Ìyá Sínọ̀tù láàárọ̀ ọjọ́ Ẹtì kan.
Mo ní, "Ìyá, kí lẹ gbé?"
Ó fa abẹ́rẹ́ àwọ̀n yọ nínú gèlè,
bàbà pọ́nbélé, ọwọ́ ti jẹ ẹ́ tínínrín.
"Iṣẹ́ mi nìyí, ọmọ mi.
Ojú àwọ̀n kan ṣoṣo tó já, ogójì ẹja ni í gba ibẹ̀ lọ.
Ojú tó já ni mo ń wá kiri."
Mo rẹ́rìn-ín. Mi ò mọ̀ pé báńkì ló ń bá wí.

Ẹ jẹ́ n padà sẹ́yìn díẹ̀.
Ní ọdún mẹ́ta sẹ́yìn, fóònù rẹ̀ já sọ́sà
níbi tó ti ń sọ̀ nínú ọkọ̀ pẹ̀lú agbọ̀n epìyà lórí.
Ọ̀sà kì í dá nǹkan padà.
Lọ́jọ́ kejì ó kọ lẹ́tà sí wa: nọ́ńbà yẹn kì í ṣe tèmi mọ́.
A lu òǹtẹ̀ mọ́ ẹ̀dà tirẹ̀. Ó ká a, ó fi sábẹ́ ẹní.
Tiwa ńkọ́?
Ta ló mọ ibi tí a jù ú sí.

Náírà mẹ́rin. Náírà mẹ́rin.
Bí eèrà ṣe ń ru ṣúgà.
Bó fowó pamọ́, a yọ mẹ́rin; bó gbowó, a yọ mẹ́rin,
owó àtẹ̀jíṣẹ́.

Sùbérù, atukọ̀ l'Ẹjìnrìn, ló ra nọ́ńbà náà
lọ́wọ́ àwọn tó ń ta síìmù lábẹ́ agboòrùn.
Ó ń ka owó obìnrin tí kò rí rí bí ẹni ń ka ìwé ìròyìn.
Nígbà tí ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ rẹ̀ kú,
ó bèèrè rẹ̀ kiri títí dé Òkè-Balógun, ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja:
"Ìyá, ẹ yá mi ní ọ̀kẹ́ méjì. Mo mọ̀ pé ẹ ní i."
Ìyá wò ó títí.
"Dìde. Fóònù rẹ dà?"

Ìdí nìyẹn tó fi jókòó síwájú Ọ̀gbẹ́ni Olúmúyìdé, máníjà wa.
"Ọ̀gá, àtẹ̀jíṣẹ́ tí ẹ ń gbowó rẹ̀ yìí, ṣé ẹ ń fi í ránṣẹ́ lóòótọ́?"
"Gbogbo rẹ̀, Ìyá! Ẹyọ kan kò yẹ̀."
"Sí nọ́ńbà wo?"
Ó kà á jáde ketekete.
"Ẹ bá mi kọ ọ́ sílẹ̀, káwọn ọmọ mi lè gbà mí gbọ́."
"Ìwé kíkọ gbowó o. Ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀ta náírà."
"Ẹ yọ ọ́ níbẹ̀."
Wọ́n yọ ọ́. Wọ́n tẹ ìwé, ọ̀gá buwọ́ lù ú:
ẹgbẹ̀ta àtẹ̀jíṣẹ́, nọ́ńbà wọn, ọjọ́ wọn.

Ìgbà náà ló tú ìdí aṣọ,
ó yọ lẹ́tà àtijọ́, òǹtẹ̀ wa ṣì pupa lára rẹ̀.
Ó tẹ́ méjèèjì síra bí ẹni ń pa etí àwọ̀n tó ya pọ̀.
"Èyí ní ẹ mọ̀ pé kì í ṣe tèmi.
Èyí ní òun lẹ ń tú àṣírí mi fún. Ẹ̀ẹ̀kan kọ́. Ẹgbẹ̀ta ìgbà."
Ẹ̀rọ atútù ń fẹ́, ọ̀gá ń làágùn.
Ó nawọ́: "Ìyá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ dá ìwé yẹn padà."
"Ṣé ẹ fún mi ni? Mo rà á ni.
Ẹ kọ́kọ́ san ẹgbàá ó lé irinwó mi,
ká tó wá ná ìwé."

Wọ́n ti ilẹ̀kùn. Mi ò mọ ibi tí wọ́n ná an dé.
Ohùn rẹ̀ nìkan ni mò ń gbọ́, pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́,
bí ẹni ń ná ọbọ́kún ní kùtùkùtù:
"Kò gbà."
"Kò tíì gbà."

Ilẹ̀kùn tún ké nígbà tó ń jáde. Mi ò bi í ní nǹkan kan.

Sùbérù ló wá sọ ìyókù fún mi.
Ó ní oòrùn ò tíì kúrò ní àtàrí tí fóònù òun fi dún l'Ẹjìnrìn:
báńkì ti sanwó fún Ìyá Sínọ̀tù, òdo rẹ̀ gùn bí okùn ìdákọ̀ró.
Nísàlẹ̀ rẹ̀, wọ́n ti yọ náírà mẹ́rin.